Gómìnà Inú Kọ̀ǹpútà

Tí ẹ bá dárúkọ gómìnà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ro ẹni tó wà ní Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá màkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lábẹ́ bíríìjì, kí ẹ ní iná jẹ́n yín ń lọ sókè ń wá sílẹ̀. "Gọ́fánọ̀ ẹ̀ ni," ló máa fi dá yín lóhùn kó tó tiẹ̀ mú sípánà. Gómìnà kejì nìyẹn. Ẹ̀kẹta ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà, pàápàá èyí tó ń lo Linux. Governor gan-an lorúkọ tí àwọn tó kọ ọ́ fún un, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju ẹyọ kan lọ: òun ló ń pinnu bí prósẹ́sọ̀ ṣe máa sáré tó. Ìtàn gómìnà kẹta yìí la fẹ́ sọ. Lọ́dún 2023 a fẹ̀sùn kàn án, ẹjọ́ ọ̀hún sì padà dá wa lẹ́bi.

Fídíò la ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó bá ṣáà ti ní aṣọ ẹbí nínú, a ó gbé kámẹ́rà lọ. Àwa mẹ́ta la jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngó, a sì ní láptọ́ọ̀pù tókunbọ̀ kan tí a rà ní Ìkẹjà. Linux la fi sí i, torí Windows tó bá a wá ń béèrè owó tí a ò ní, Kdenlive tí a fi ń gé fídíò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọdún kan gbáko la fi lò ó, kò yọ wá lẹ́nu. Bí a bá ti gé fídíò ìgbéyàwó kan tán, wákàtí méjì ló fi ń rẹ́ńdà rẹ̀, ìyẹn ni pé kó pa gbogbo ohun tí a gé pọ̀ di fáìlì kan tí fóònù lè gbé.

Lọ́jọ́ kan iná dé tagbáratagbára, ó sì jó ṣájà. A ra òmíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ wọn. Ó wọ ihò rẹ̀ géérégé, iná kékeré orí rẹ̀ sì tàn. Láti ọjọ́ náà ni láptọ́ọ̀pù ti ń wọ́ bí ẹni tó gbé àpò símẹ́ńtì. Ìgbéyàwó kan tí a ṣe ní Àtàn-Ọ̀tà ló wá tú àṣírí wa. Ìyàwó fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè-òkun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá ìyàwó sì ti sọ ọ́ lójú wa pé bí fídíò ò bá tẹ ọmọ òun lọ́wọ́ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí a gbàgbé bálánsì. Alẹ́ Fúráídè la tan jẹ́n, tí a ní kó máa rẹ́ńdà. Nígbà tí wákàtí méjì pé, ó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé ó ku wákàtí méje. Ẹ má gbàgbé pé ọdún yẹn náà ni owó ìrànwọ́ orí epo dópin, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wákàtí mẹ́sàn-án lórí jẹ́n kúrò lọ́rọ̀ eré.

Ìmọ̀ràn kì í wọ́n ní Ṣàngó. Ẹnì kan ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹlòmíràn ní ká fi RAM kún un. Bọ̀dá tó ń ta mẹ́mórì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Ẹ̀yin náà! Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ gbé Linux lé e lórí?" Ọ̀kan nínú wa ló rántí pé Linux kì í fi nǹkan pa mọ́, pé ohun tó bá ń ṣe, ó máa ń kọ ọ́ sínú fáìlì tí èèyàn lè ṣí kà. Ó ṣí èyí tó ń jẹ́ /sys/devices/system/cpu/cpu0/cpufreq/scaling_governor. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bá níbẹ̀: powersave. Ó ṣí scaling_cur_freq tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó ń sọ iyára tí prósẹ́sọ̀ wà lọ́wọ́lọ́wọ́. 800 MHz! Prósẹ́sọ̀ tí wọ́n kọ 2.6 GHz sí lára, tó yẹ kó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. A pariwo. Ọwọ́ ti tẹ olè. A fi àṣẹ root yí powersave sí performance, a jókòó tì í, a ń wo òǹkà. 800 MHz. A tún un ṣe. 800 MHz.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa sílẹ̀ níbẹ̀ ná lóru Fúráídè yẹn, ká lọ wo ibi tí gómìnà yìí ti wá.

Prósẹ́sọ̀ dà bí oníjó tó ń tẹ̀lé ìlù. Bí ìlù bá dún lẹ́ẹ̀kan, a gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. 800 MHz túmọ̀ sí pé ìlù náà ń dún ní ìgbà mílíọ̀nù 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nígbà tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, kéde lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 pé òun ń kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà 386 òun, ìlù kan náà ni kọ̀ǹpútà irú rẹ̀ ń lù láti àárọ̀ dalẹ́, bóyá iṣẹ́ wà bóyá iṣẹ́ ò sí. Ohun kan ṣoṣo tó sún mọ́ gómìnà láyé ìgbà yẹn ni bọ́tìnì Turbo tó máa ń wà níwájú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín sì ni ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yẹn. Orúkọ rẹ̀ ń kọ́ni lójú pé eré ló ń fi kún, àmọ́ ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni láti dín eré kù, torí àwọn géèmù àtijọ́ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà tó lọ́ra máa ń sáré kọjá ohun tí ojú lè bá.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa fẹ́ kí prósẹ́sọ̀ rọra? Ìṣirò kan wà tí àwọn ẹnjiníà fi ń ṣiṣẹ́. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ń tẹ̀lé iyára rẹ̀, ó sì tún ń tẹ̀lé fólítéèjì rẹ̀ tí a fi ìgbà fólítéèjì yẹn kan náà. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá gé fólítéèjì sí méjì, iná tó ń jẹ kò ní dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ tí fólítéèjì rẹ̀ kéré ò lè sáré, nítorí náà àwọn méjèèjì ní láti jọ máa gòkè, kí wọ́n jọ máa sọ̀.

Lórí tábìlì, kò sẹ́ni tí èyí kàn. Láptọ́ọ̀pù ló sọ ọ́ di ọ̀ràn. Lọ́dún 1992, Intel àti Microsoft gbé ìlànà APM jáde, kí kọ̀ǹpútà lè mọ bí a ṣe ń sùn nígbà tí kò bá síṣẹ́. Ní ìparí ọdún 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ACPI jáde láti rọ́pò rẹ̀, ACPI yìí náà la ṣì ń lò títí dòní. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2000, Intel mú ohun tí wọ́n pè ní SpeedStep wá sínú Pentium III ti láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá ki ṣájà bọ ògiri, ẹ̀yà kan nínú wọn ń sáré ní 650 MHz lórí fólítì 1.6. Bí ẹ bá yọ ṣájà, ó máa sọ̀kalẹ̀ sí 500 MHz lórí fólítì 1.35. Ẹ lo ìṣirò òkè yẹn, ẹ ó rí i pé kò tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iyára tó sọ nù, àmọ́ iná tó ń jẹ dín kù ní ìdá 45. Ọjà gidi nìyẹn. Bí wọ́n bá fi lọ̀ wá ní Ṣàngó, a ò ní ná an.

Ẹ tún un wò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kí ẹ wo ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà yẹn ń béèrè. Ìbéèrè kan ni: ṣé mo wà lórí ògiri àbí mo wà lórí bátìrì? Bó bá jẹ́ ògiri, jẹ àjẹyó. Bó bá jẹ́ bátìrì, ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ní ìlú àwọn tó ṣe é, ìbéèrè kan yẹn tó. Ògiri ibẹ̀ kì í gbẹ.

Lọ́dún 2000 yẹn kan náà, NEPA ló ń pín iná fún wa, ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1972 nígbà tí wọ́n pa ECN àti Niger Dams Authority pọ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní Ọ̀tà, ní Ìfọ̀ tàbí ní Àgbárá nígbà yẹn ò nílò kí a sọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí fún un. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ò tiẹ̀ dúró dè é mọ́. Lọ́dún 1998 ni wọ́n dá Shell Nigeria Gas sílẹ̀, tó ń gba inú páìpù gbé gáàsì lọ fún àwọn fakitírì ní Àgbárá àti Ọ̀tà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi í pèsè iná tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń rí i lálẹ́: inú ọgbà fakitírì mọ́lẹ̀ rokoṣo, ìta ọgbà dúdú bí inú ìkòkò, àfi ìró jẹ́n kéékèèké tí àwa ará àdúgbò fún lórúkọ I-better-pass-my-neighbour. Inú òkùnkùn yìí ni kọ̀ǹpútà tó gbà pé ògiri kì í gbẹ ti wá bá wa.

Linux ò tètè dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2001, Russell King, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń mú Linux ṣiṣẹ́ lórí prósẹ́sọ̀ ARM, bẹ̀rẹ̀ ohun tí a wá mọ̀ sí cpufreq. Dominik Brodowski, ọ̀dọ́ ará Jámánì, tẹ́wọ́ gbà á ní 2002, ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo irú prósẹ́sọ̀ lè lò. Torvalds fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà. Láti 1997 títí di 2003, Transmeta ní California ló ń bá ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó gbé prósẹ́sọ̀ Crusoe jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2000, tí gbogbo ìpolówó rẹ̀ dá lórí pé kì í jẹ iná púpọ̀, tó sì ń yí iyára ara rẹ̀ padà bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ sí. Nígbà tí Linux 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, cpufreq wà nínú rẹ̀.

Àwọn gómìnà àkọ́kọ́ ò gbọ́n rárá. Èyí tó ń jẹ́ performance kì í kúrò lórí iyára tó ga jù. Powersave kì í kúrò lórí èyí tó kéré jù, kódà bí ẹ bá ń sunkún níwájú rẹ̀. Userspace ní kí ẹ wá pinnu fúnra yín. Ní 2004 ni ondemand dé láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Intel. Ondemand máa ń yọjú wo iṣẹ́ léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, kì í gun àkàsọ̀ ní kọ̀ọ̀kan, ó máa fò tààrà dé òkè pátápátá. Bí iṣẹ́ bá dẹ̀, á máa rọra bọ̀ nílẹ̀. Ní 2006, Venkatesh Pallipadi àti Alexey Starikovskiy ṣàlàyé rẹ̀ ní àpérò àwọn onílinux ní Ottawa, ní Kánádà.

Ọdún 2004 yẹn náà ni nǹkan yí padà fún gbogbo ayé prósẹ́sọ̀. Ní oṣù Karùn-ún, Intel pa iṣẹ́ lórí Tejas tì, prósẹ́sọ̀ tó yẹ kó rọ́pò Pentium 4, torí ooru rẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́ di àdògán. Láti ìgbà náà, iye iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ kúrò ní ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù nìkan. Ooru ni òté tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù ní oṣù Kẹta mọ ohun tí à ń wí: fáànù á máa ké, eruku ọyẹ́ á ti dí ihò rẹ̀, prósẹ́sọ̀ á sì fúnra rẹ̀ rọra kó má bàa jóná, ohun yòówù kí gómìnà wí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí orúkọ yẹn, governor. Àwọn onílinux ò dá a sílẹ̀. James Watt ló gbé e sórí ẹ́ńjìnnì onítímù rẹ̀ ní 1788: bọ́ọ̀lù irin méjì tó ń yí, bí ẹ́ńjìnnì bá sáré jù, bọ́ọ̀lù á fò sókè, á dín ooru omi kù; bí ó bá lọ́ra, bọ́ọ̀lù á wá sílẹ̀, ooru omi á tún wọlé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà nínú jẹ́n tí à ń fa okùn rẹ̀. Kí iná tó jáde tó jẹ́ 50 Hz, ẹ́ńjìnnì jẹ́n kékeré gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gọ́fánọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó yẹ̀. Bóyá gílóòbù kan ló wà lórí rẹ̀ tàbí fáànù mẹ́ta, 3,000 ni. Ìdí nìyẹn tí jẹ́n fi ń mu epo kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lo iná rẹ̀. Gómìnà inú kọ̀ǹpútà ń wá ọ̀nà láti rọra, gómìnà inú jẹ́n kórìíra kí a rọra. Nígbà tí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ wáyà kan, ẹ rò ó wò.

Bí Linux fúnra rẹ̀ ṣe dé Nàìjíríà náà ní ìtàn. Ubuntu bẹ̀rẹ̀ ní 2004, títí di 2011 wọ́n sì ń fi síídì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ni Linux gbà wọ yàrá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó lè gbé e wálẹ̀. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti Faransé gba iṣẹ́ láti fi Linux sórí láptọ́ọ̀pù Classmate 17,000 fún àwọn ilé ìwé wa. Ní oṣù Kẹwàá, ọ̀gá wọn, François Bancilhon, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft, ó ní wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò iṣẹ́ tí òun ti ṣe tán. Àríyànjiyàn náà gba ayé kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ lò ó ńkọ́? Iná tí wọ́n fẹ́ fi ṣájì wọn ńkọ́? Kò jọ pé ìyẹn dé inú lẹ́tà kankan.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, Linux 3.9 jáde, ó sì gbé ohun tuntun kan dání tí Dirk Brandewie ti Intel kọ: intel_pstate. Àwọn prósẹ́sọ̀ Intel tuntun ti gbọ́n dé ibi tí wọ́n lè máa yí iyára ara wọn padà láìdúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà Intel fẹ́ gómìnà tó mọ èdè wọn. Àbájáde rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló ṣẹ́ kù níbẹ̀, performance àti powersave. Ibí gan-an la ti ṣìnà lóru Fúráídè. Powersave ti intel_pstate kì í ṣe powersave àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dé, òun náà ń gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ondemand. Orúkọ àtijọ́, iṣẹ́ tuntun. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ìjọba fi PHCN tí wọ́n fi rọ́pò NEPA ní 2005 lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, àwa ní Ọ̀tà sì bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ iná ti Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ ká kàn sọ pé tiwa jẹ́ òdìkejì: orúkọ tuntun, iṣẹ́ àtijọ́. Bí iná bá dé, "Up NEPA" náà làwọn ọmọdé ṣì ń pariwo.

Lẹ́yìn ìyẹn, Rafael Wysocki, ará Pólándì, mú schedutil wá ní 2016, gómìnà tí kì í yọjú wo iṣẹ́ látìta mọ́, tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń pín iṣẹ́ nínú Linux gan-an. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ń lo ìran rẹ̀ títí dòní, torí Linux ló wà nísàlẹ̀ Android, nítorí náà ẹ̀yin tó ń ka èyí lórí fóònù, gómìnà ń bẹ lọ́wọ́ yín báyìí. Ní 2021, bọ́tìnì mẹ́ta jáde sójú tábìlì GNOME: kí ó sáré, kí ó wà láàárín, kí ó ṣọ́ iná lò. Èèyàn ò nílò láti mọ /sys mọ́.

Ó yẹ ká padà sí Ṣàngó. Aago méjì òru ti lù. Ọmọ kan tó ń tún bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù ṣe, tí a bá lórí WhatsApp, fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Ẹ yọ ṣájà." A rò pé oorun ló ń kùn ún. A yọ ọ́. Òǹkà fò láti 800 lọ sí 2,900 MHz lójú wa.

Ṣájà ni. Láàárín ẹnu ṣájà irú láptọ́ọ̀pù yẹn, abẹ́rẹ́ tínínní kan wà. Gba ibẹ̀ ni ṣájà ti máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Ojúlówó ni mí, wáàtì báyìí ni mo lè gbé." Ṣájà tiwa ò ní ẹnu tó lè fi sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ń bọ́ ọ, ẹ̀rù bà á, ó fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì gbà kí bátìrì gba iná. Àṣẹ yìí ò ti ọ̀dọ̀ Linux wá. Ó ń bẹ nísàlẹ̀ Linux, nínú kóòdù tí ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà kọ sínú bọ́ọ̀dù, tí kò ní fáìlì tí a lè ṣí kà. Gómìnà kẹrin tí a ò dìbò fún. Àwa ti dúró ti gómìnà kẹta, à ń bú u, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀. Bátìrì tó ṣẹ́ kù ò lè gbé wákàtí kan, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí lóru. Sátidé la ń wá ojúlówó ṣájà kiri, Sọ́ńdè la rí i yá, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni fídíò parí. Ìyàwó ti lọ. Ìyá rẹ̀ san ìdajì bálánsì, kò bú wa, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ìkómọ, àwọn ẹlòmíràn la rí tó gbé kámẹ́rà.

Ìwádìí tí ìtìjú yẹn mú ká ṣe ló jẹ́ ká rí ohun tó jù ṣájà lọ. Láti SpeedStep ti 2000 dé bọ́tìnì mẹ́ta ti 2021, ìbéèrè kan yẹn ò tíì yí padà: ògiri àbí bátìrì? Ní Ọ̀tà, ògiri lè jẹ́ NEPA. Ó lè jẹ́ jẹ́n. Ó lè jẹ́ ínfátà, tí í ṣe bátìrì tó wọ aṣọ ògiri. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yàtọ̀. Bí a bá wà lórí ínfátà, ó gbà pé ògiri ni, ó ń gbé ara rẹ̀ lọ sí iyára tó ga jù lọ, èyí tí Intel ń pè ní Turbo Boost láti 2008, níbi tí fólítéèjì ti ga jù tí iná sì ń lọ jù fún iṣẹ́ kan náà. Bátìrì tí a fi owó ajọ rà ló ń mu.

Lórí jẹ́n, òdìkejì ni. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà sí kí ó ṣọ́ iná lò, wáàtì mélòó kan ló máa dín kù, jẹ́n ò sì ní mọ̀, torí 3,000 rẹ̀ ló ń yí. Fídíò tó yẹ kó gba wákàtí méjì á wá gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin, epo á sì máa lọ ní gbogbo wákàtí náà. Lórí jẹ́n, eré sísá ni ìṣúná. Ẹ parí iṣẹ́, ẹ pa á, ẹ sùn. NEPA ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí àjọ NERC ti gbé yúnìtì kan dé ₦225 fún àwọn tó wà ní Band A, NEPA pàápàá ti ní ìṣirò tirẹ̀, àmọ́ láptọ́ọ̀pù ò jẹ iná tó fíríìjì, a kì í fi ìyẹn da ara wa láàmú.

Nítorí náà a kọ àṣẹ kúkúrú mẹ́ta tí a lè tẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń jẹ́ jen ń yan performance. Èyí tó ń jẹ́ nepa ń fi í sí àárín. Infata ń yan àárín náà, ṣùgbọ́n ó tún ń kọ 1 sínú fáìlì intel_pstate/no_turbo, kí prósẹ́sọ̀ má bàa gun orí òkè tó wọ́n jù. A ò fà á sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí iṣẹ́ bá pẹ́ jù, ojú kọ̀ǹpútà, fáànù àti gílóòbù ṣọ́ọ̀bù náà á máa jẹ nínú bátìrì kan náà. A gbìyànjú ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà kan, ínfátà kú kí fídíò tó parí.

Ìṣòro kan ló kù. Linux ò lè mọ̀ bóyá a ti yí iná láti NEPA sí jẹ́n. Ọwọ́ èèyàn ló ń yí changeover, ọwọ́ èèyàn náà ló sì gbọ́dọ̀ tẹ àṣẹ, ọmọ iṣẹ́ wa sì máa ń gbàgbé. Ó fúnra rẹ̀ ló wá gé páálí kan, ó fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara changeover. Ó ṣì wà níbẹ̀: "Sọ fún kọ̀ǹpútà kí o tó yí mi."